Ìwé-ẹ̀rí wo ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ di paraplanner (olùrànlọ́wọ́ olùdámọ̀ràn ètò owó) nílùú Ọba kọ́kọ́ gbà?

Òfin ìlú Ọba ò ní dandan kí paraplanner ní ìwé-ẹ̀rí kankan, torí kì í ṣe òun ló ń gba oníbàárà nímọ̀ràn. Ìwádìí ló ń ṣe, òun ló sì ń kọ ìjábọ̀ tí olùdámọ̀ràn máa gbé fún oníbàárà. Síbẹ̀, ẹ gba Diploma Level 4 ti CII (Chartered Insurance Institute, àjọ tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn oníṣẹ́ ìbánigbófò àti ètò owó), ìyẹn ìdánwò mẹ́fà, R01 títí dé R06. Ìpele yẹn náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn láti ìparí ọdún 2012, ẹ ò ní tún un kà bí ẹ bá fẹ́ di olùdámọ̀ràn lọ́la.

Ní tèmi, ẹ tètè ṣe R03 (owó-orí) àti R04 (owó ìfẹ̀yìntì), àwọn gan-an ló kún inú ìjábọ̀. Ẹ kíyè sí R03 o: láti oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń fi owó-orí ọdún tuntun dánni wò, ẹ má ka ìwé àtijọ́. R06 kì í ṣe ká kàn mú ìdáhùn, kíkọ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdánwò ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà tí wọ́n máa béèrè jáde, ó jọ iṣẹ́ paraplanner gan-an.