Ṣé kí n ta oko kòkó torí yunifásítì?

Ìbéèrè: Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Mo ta ilẹ̀ kan rán àkọ́bí mi ní yunifásítì. Ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, kò ríṣẹ́. Yunifásítì ìjọba ní Adó tún ti gba àbúrò rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní ẹ̀kọ́ ló ń sọ ìlú dọlọ́rọ̀. Kí ló wá dé tí Èkìtì tó kún fún ọ̀jọ̀gbọ́n kò fi lówó? Ṣé kí n ta oko tó kù?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ má tíì tà á.

Ìwádìí kárí ayé fi hàn pé ọdún kan tí èèyàn bá fi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀ a máa fi nǹkan bí 9% kún owó tó ń wọlé fún un. Àmọ́ ẹni tó ríṣẹ́ nìyẹn ń bá wí. Ti ìlú yàtọ̀. Láti 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni Èkìtì ti ń tọ́ ọ̀mọ̀wé fún Èkó, Àbújá àti òkè òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó-orí. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ń kọ́lé ńlá tí wọ́n ń ṣí ní Kérésì nìkan. Kòríà Gúúsù náà kó ọmọ sí iléèwé lẹ́yìn ogun 1953, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ aṣọ àti ti wíìgì (ẹ má rẹ́rìn-ín, wíìgì mówó wọlé fún wọn gan-an) wà níbẹ̀ tó ń gbà wọ́n síṣẹ́.

Ti oko yín ló wá dùn mọ́ mi jù. Nígbà tí irúgbìn àlìkámà tuntun dé Íńdíà láàárín 1960 sí 1970, àwọn àgbẹ̀ tó mọ̀wé ló jèrè rẹ̀ jù. Ìwé níṣẹ́ ṣe nínú oko kòkó náà: ẹni tó lè ka ara ike oògùn ló máa mọ ìwọ̀n tí yóò pò mọ́ omi, òun náà ló máa ti wo iye tí tọ́ọ̀nù kan ń lọ ní London kí oníbàárà tó gbé òṣùwọ̀n dé. Tí ẹ bá ta oko, kí ni àkọ́bí yín fẹ́ fi ìwé rẹ̀ ṣe nílé? Ẹ fún un lápá kan kó máa bójú tó o.

Ní ti àbúrò, ẹ ní kó béèrè ẹ̀yáwó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Kò ní èlé, iléèwé gan-an ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún, ó sì di ọdún 2 lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí sísan tó bẹ̀rẹ̀. Kó tọ́jú nọ́ńbà JAMB, NIN àti BVN rẹ̀. Tí owó bá ṣì kù díẹ̀, ẹ fi apá kan oko dógò, kí ẹ sì kọ iye ọdún rẹ̀ sínú ìwé níṣojú ẹlẹ́rìí.