Ṣé Owó Pírójẹ́ẹ̀tì Tí AI Kọ Tọ́ sí Mi?

ÌBÉÈRÈ: As-salāmu ‘alaykum, Àáfà wa. Agbowó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbi tí a ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ kọ pírójẹ́ẹ̀tì wọn wá, èmi á tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, màá sì bá wọn dì í. Ní báyìí, àkọlé nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń mú wá. Wọ́n á ní kí n fi AI, ẹ̀rọ tó ń dá ọ̀rọ̀ kọ, bá àwọn kọ ọ́ láti orí kìíní dé orí karùn-ún. Owó ibẹ̀ ju owó títẹ̀ lọ fíìfíì, òun ni mo sì fi ń gbọ́ bùkátà ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ọkọ mi ní kò sí aburú níbẹ̀, pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́, kì í ṣe èmi, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ ohun tó ń rà. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé owó yìí tọ́ sí mi? Ìkejì, mo máa ń bi AI ní ìbéèrè ẹ̀sìn, pàápàá lórí nǹkan oṣù, torí ojú ń tì mí láti bi àwọn Àáfà. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Wa ‘alaykumus-salām wa rahmatullāhi wa barakātuh. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad. Arábìnrin wa, ẹni tí owó ń wọlé fún tó tún dúró bèèrè bóyá owó náà mọ́, ohun tó dára ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kí Ọlọ́hun san yín lẹ́san rere.

AI fúnra rẹ̀ kì í ṣe hàráàmù. Àwọn onímọ̀ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun ayé tó bá wúlò, ẹ̀tọ́ ni, àfi èyí tí ẹ̀rí bá kọ̀. Kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò ní ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ̀rọ ni. Ohun tí a fi ẹ̀rọ ṣe ni kí á yẹ̀ wò.

Ọkọ yín ní akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tó ń rà. Òótọ́ ni, ẹ̀yin àti òun kò tan ara yín. Ṣùgbọ́n pírójẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Ẹ rántí ojú ìwé kan tó máa ń wà níwájú rẹ̀, tí ẹ̀yin náà ti tẹ̀ láìmọye ìgbà, níbi tí olùkọ́ ti ń fọwọ́ sí i pé lágbájá ló ṣe iṣẹ́ yìí lábẹ́ àmójútó òun. Ìjẹ́rìí nìyẹn. Tí a bá tún ṣí i síwájú díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó fún òun ní agbára àti ọgbọ́n láti parí iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tí kò ṣe! Ó ń dùn mí gan-an pé orúkọ Ọlọ́hun ni wọ́n ń gbé lé irú irọ́ bẹ́ẹ̀.

Abū Bakrah ròyìn pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bi àwọn sàhábà bóyá kí òun sọ èyí tó tóbi jù nínú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá fún wọn. Ó dárúkọ bíbá Ọlọ́hun wá orogún, ó dárúkọ àìgbọràn sí òbí. Ó fẹ̀yìn ti nǹkan ni nígbà tó ń sọ èyí, ló bá dìde jókòó, ó ní: “Àti ọ̀rọ̀ irọ́, àti ìjẹ́rìí èké.” Ó ń tún un sọ títí àwọn tó wà níbẹ̀ fi ń sọ lọ́kàn pé ì bá jẹ́ dákẹ́. Bukhārī àti Muslim ló gbà á wá. Àwọn onímọ̀ ní ìdí tó fi dìde jókòó fún èyí ni pé ìjẹ́rìí èké rọrùn lẹ́nu àwọn èèyàn, wàhálà rẹ̀ kì í sì í mọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Bí nọ́ọ̀sì bá gba ìwé ẹ̀rí láìmọṣẹ́, èmi tàbí ẹ̀yin ló máa gún lábẹ́rẹ́. Ọmọ tó sì jókòó lálẹ́ kọ tirẹ̀, òun àti ẹni tó rà á ni wọ́n jọ máa du iṣẹ́ kan náà.

Ọlọ́hun sọ nínú Sūratul-Mā’idah, āyah 2, pé kí á ran ara wa lọ́wọ́ lórí dáadáa àti ìbẹ̀rù Òun, kí á má ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ àti ìkọjá ààlà. Nítorí náà, owó tí ẹ ń gbà láti kọ odidi pírójẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí yóò lọ sọ pé òun ló kọ ọ́, kò tọ́ sí yín. Pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́ kò yí i padà, torí a kò ní bi ẹ̀rọ ní nǹkan kan lọ́jọ́ ìdájọ́. Ẹni tó pàṣẹ fún un tó sì gba owó ni a óò bi. Kí AI tó dé ni àwọn kan ti ń fọwọ́ kọ pírójẹ́ẹ̀tì tà, ìdájọ́ kan náà ló wà lórí tiwọn. Ohun tí ẹ̀rọ fi kún un ni pé ó sọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù di ti ìṣẹ́jú, ẹ̀ṣẹ̀ náà kò wá wúwo lójú ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé kí lẹ ó wá jẹ. Ẹ ṣì lè máa tẹ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kí ẹ tò ó, kí ẹ dì í. Bí ilé-ìwé rẹ̀ bá gbà á láàyè, ẹ lè fi AI bá a yẹ àṣìṣe inú rẹ̀ wò. Àwọn oníṣòwò Gbági àti Bódìjà nílò ìwé iye ọjà àti lẹ́tà sí báńkì, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nílò àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé ìpè nìkáà àti wòlímà kì í sì í tán nílùú Ìbàdàn. Kò sẹ́ni tó ń búra níbẹ̀ pé ọwọ́ òun ló kọ ọ́. Ẹ fi AI ṣe é kíákíá, ẹ gba owó yín. Bí oníbàárà bá bèèrè bí ẹ ṣe ṣe é, ẹ sọ òótọ́ fún un, torí Ànábì sọ nínú hádíìsì Hakīm ọmọ Hizām pé bí olùtajà àti olùrà bá sọ òótọ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé ọjà, àlùbáríkà yóò wà nínú òwò wọn. N kò ní tàn yín, owó lè kọ́kọ́ dín kù. Ṣùgbọ́n Ẹni tó sọ nínú Sūratut-Talāq pé ẹni tó bá bẹ̀rù Òun, Òun yóò ṣe ọ̀nà àbáyọ fún un, Òun yóò sì pèsè fún un láti ibi tí kò rò, kì í yẹ àdéhùn.

Èyí tí ẹ ti ná kí ẹ tó mọ̀, ẹ tọrọ àforíjìn, kí ẹ sì ṣe sàráà níwọ̀n agbára yín. Àwọn onímọ̀ kan mú āyah 275 nínú Sūratul-Baqarah, tó sọ̀ kalẹ̀ lórí èlé, wá síbi irú èyí: ẹni tí ìkìlọ̀ dé bá tó sì jáwọ́, tirẹ̀ ni èyí tó ti kọjá. Àmọ́ èyí tí ẹ ti gba àsansílẹ̀ rẹ̀ tí ẹ ò tíì ṣe, ẹ dá owó olówó padà.

Ìbéèrè kejì ló tiẹ̀ gbà mí lọ́kàn jù. ‘Ā’ishah, ìyàwó Ànábì, yin àwọn obìnrin Ansār, ìyẹn àwọn ará Mẹ̀dínà tó ran Ànábì lọ́wọ́, pé ìtìjú kò dí wọn lọ́wọ́ láti ní àgbọ́yé ẹ̀sìn. Ummu Sulaym lọ bá Ànábì fúnra rẹ̀, ó ní Ọlọ́hun kì í tijú níbi òdodo, ó sì bèèrè nípa ìwẹ̀ tó jẹ mọ́ àlá obìnrin.

AI kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ kọ́ ọ, ó wá ń wo ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ó sì ń tò wọ́n jọ. Ó lè hun hádíìsì tó dùn létí, kó fi orúkọ Bukhārī sí i, kó má sì sí nínú Bukhārī rárá. ‘Abdullāh ọmọ al-Mubārak, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ àtijọ́, ní sánádì, ìyẹn orúkọ àwọn tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sọ ọ́, jẹ́ ara ẹ̀sìn, pé bí kì í bá ṣe sánádì, ẹni tó bá wù ú ì bá máa sọ ohun tó bá wù ú. Ẹ̀rọ yìí kò ní sánádì.

Ẹ wo nǹkan oṣù yẹn gan-an. Ní ojú ọ̀nà Mālik tí a ń kọ́ ní àwọn ilé kéú wa, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 15. Lọ́dọ̀ Abū Hanīfah, aṣíwájú onímọ̀ mìíràn tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ọjọ́ 10 ni. Obìnrin tó ti mọ iye ọjọ́ rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wá kọjá rẹ̀, Mālik ní kó fi ọjọ́ 3 kún un, bí kò bá ṣáà ti ju 15 lọ, kó wá wẹ̀ kó máa kírun. AI lè fún yín ní tibí lónìí, kó fún yín ní tọ̀hún lọ́la, láì bi yín pé ọjọ́ mélòó lẹ máa ń ṣe. Ìrun yín ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ lè fi wá āyah tí ẹ gbàgbé ibi tó wà, kí ẹ sì ṣí Kùránì wò ó. Ẹ má gba ìdájọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá obìnrin onímọ̀ lọ bá. Ní àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù, ẹ ó rí ẹni tó máa júwe ọ̀kan fún yín. Bí kò bá sí, ẹ rán ọkọ yín. ‘Alī pàápàá tijú láti bi Ànábì nípa omi tó ń jáde lára ọkùnrin, nítorí pé Fātimah ọmọ Ànábì ni ìyàwó rẹ̀, Miqdād ló rán, Miqdād sì bá a bèèrè. Ẹ ṣáà kọ iye ọjọ́ tí ẹ sábà máa ń ṣe àti ọjọ́ tí èyí bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé tí ẹ ó fi rán an, kí ẹni tí yóò dáhùn lè rí ohun tó máa wò. Wallāhu a‘lam.