Èsì: Ṣé géèmù Elden Ring tó ariwo tí wọ́n ń pa lé e lórí?

Àbúrò, ó tó o, ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Bí o bá ṣe ń jáde sí Limgrave, ilẹ̀ gbalasa àkọ́kọ́ inú géèmù náà, báyìí, jagunjagun kan tó wọ ìhámọ́ra góòlù wà lórí ẹṣin níwájú ẹ. Má dá a lóhùn! Yà fún un, lọ gba Torrent, ẹṣin tìẹ, kó o padà wá bá a nígbà tọ́wọ́ ẹ bá ti le. Òmìnira yẹn gan-an ló dùn níbẹ̀. Àmọ́ àwọn ọ̀gá ọ̀tá inú ihò ilẹ̀ ń jọra jù, kò sì síbi tó o ti lè ní kí géèmù náà rọ̀ díẹ̀. Ìtàn ńkọ́? Ara àpèjúwe idà àti aṣọ ogun lo ti máa ṣà á jọ. Bínú bá tètè ń bí ẹ, fowó ẹ ra nǹkan míì.