Páànù tó jáde lábẹ́ ọ̀sà Ìkòròdú: ṣé ti bàálù ogun ni, ṣé ká sì tà á?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Iṣẹ́ yanrìn ni mò ń ṣe ní Èbúté Ìkòròdú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń bá mi mòòkùn gbé páànù kan jáde dípò yanrìn. Ó tẹ̀ kọrọdọ, ó gùn ju àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo ló gbé e sínú ọkọ̀. Ìṣó wẹ́wẹ́ tò gbọọrọ sí etí rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lára rẹ̀ tí ìkarahun ti bò. Bàbá ìyàwó mi ní ti ogun Hitler ni, pé bàálù máa ń bà lé omi nígbà náà bíi pẹ́pẹ́yẹ, pé ọ̀kan sì rì. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ti dá iye lé e. Ṣé ká tà á? Ohun tó tún ń yà mí lẹ́nu ni pé ogun yẹn ò dé ọ̀dọ̀ wa. Ta ló wá yin bàálù lulẹ̀ níbí?

ÌDÁHÙN

Ẹ má tíì tà á, àbúrò mi. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà fi iná kàn án.

Kí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín panu mọ́ ná, nítorí bàbá ìyàwó yín kò purọ́ nípa pẹ́pẹ́yẹ. Láti ọdún 1943 ni ẹgbẹ́ 270 ti iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi Àpápá ṣe ibùdó, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi tú wọn ká ní 1945. Bàálù Catalina ni wọ́n ń lò, lẹ́yìn náà Sunderland. Méjèèjì ń gbéra lórí omi, wọ́n ń bà lé omi. Ìṣọ́ òkun ni iṣẹ́ wọn, torí pé ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ń ri ọkọ̀ ẹrù ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Sunderland kì í ṣe bàálù kékeré o: ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, apá tó fẹ̀ ju mítà 34 lọ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, ikùn tó rí bíi ti ọkọ̀ ojú omi gan-an.

Àmọ́ pé pẹ́pẹ́yẹ wà ládùúgbò kò sọ gbogbo ìyẹ́ tí a bá rí nílẹ̀ di ti pẹ́pẹ́yẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ẹ̀pẹ́ gbé “apá bàálù” kọ́ ara ògiri pálọ̀ rẹ̀ fún ọdún gbáko. Ọjọ́ tí mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ìdérí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo bá níbẹ̀. Mi ò sọ fún un títí a fi jẹun tán.

Ẹ wá mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà rédíò àtijọ́. Tó bá lẹ̀ mọ́ páànù náà, irin lásán ni, ẹ lè tà á. Tó bá yọ̀ ṣubú, alumíníọ̀mù ni, a ṣì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìṣó wẹ́wẹ́ tí ẹ rí yẹn, rífẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Ẹ fi rúlà wọn àlàfo àárín wọn. Ti bàálù máa ń bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìlà. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá wa á tẹ̀ ba, á di ojú kan, á sì fi èkejì tọ ìlà náà lọ. Èyí tó bá wọ́ díẹ̀ báyìí, dírìlì la máa fi yọ ọ́, a ó tún gbogbo rẹ̀ tò. Ẹ wò bóyá ibì kan wà tí bóòtù irin ti gba inú páànù náà kọjá. Omi iyọ̀ kì í jẹ́ kí irin àti alumíníọ̀mù gbé pọ̀ ní àlàáfíà: ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun yí ibẹ̀ ká.

Nọ́ńbà yẹn lọ́gàá. Ẹ fi omi kànga rẹ páànù náà fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rọra fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, ẹ má fi sáńpépà kàn án. Tí ẹ bá rí ALCLAD, tàbí 24ST, tàbí AN tí nọ́ńbà tẹ̀ lé, àṣà àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn. Iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ṣe Catalina pè é ní bàálù 28, Liberator, bàálù ogun ńlá míì tí wọ́n ṣe, sì jẹ́ 32 lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà nọ́ńbà ẹ̀yà ara tó bá fi 28 bẹ̀rẹ̀ á mú kí n dìde jókòó. Iléeṣẹ́ Short ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe Sunderland, S.25 ni wọ́n ń pè é.

Ẹ tún bi bàbá léèrè bóyá ogun Hitler gan-an ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní oṣù kẹwàá 1967, nígbà ogun Bìáfrà, bàálù Fokker kan tí àwọn ará Bìáfrà fi wá ju bọ́ǹbù tú ká lójú òfuurufú Èkó. Ìtàn méjèèjì lè ti wọnú ara wọn.

Ó di ọ̀rọ̀ ta ló yìn ín. Tó bá jẹ́ bàálù lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kó má sí ẹni tó yìn ín. Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ayé máa ń béèrè, torí fíìmù ti jẹ́ ká rò pé ìbọn nìkan ló ń pa bàálù ogun. Nínú 55,573 tó kú nínú ẹ̀ka bàálù ajubọ́ǹbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun yẹn, ó lé ní 8,000 tó jẹ́ ìjàǹbá ló pa wọ́n, púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Amẹ́ríkà pàdánù bíi 15,000 ọmọ ogun òfuurufú sínú ìjàǹbá bàálù láàárín ilé tiwọn, níbi tí ọ̀tá kankan ò dé.

Ti bàálù aṣọ́kun tún le jù. Wákàtí mẹ́wàá, méjìlá, ni wọ́n ń lò lójú òkun tí kò ní òpó, tí kò ní òkè tí èèyàn lè fi ṣe àmì. Awabàálù ti rẹ̀, epo ti ń lọ, kùrukùru wá bo ilẹ̀. Aago tó ń sọ bí bàálù ṣe ga tó, bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó ló fi ń ṣírò. Tí ìwúwo yẹn bá yí padà láàárọ̀ sí alẹ́, aago náà á máa sọ pé ẹ ṣì ga ní ọgbọ̀n mítà nígbà tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ikùn yín. Bẹ́ẹ̀, bíi mítà 15 péré sókè omi ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí kí bọ́ǹbù wọn tó lè ba ọkọ̀ abẹ́ omi.

Ní 25 oṣù kẹjọ 1942, Sunderland kan gbéra ní Invergordon ní Scotland, ó ń lọ sí Iceland. Àbúrò Ọba George Kẹfà, Duke ìlú Kent, wà nínú rẹ̀. Ojú òkun ló yẹ kí wọ́n gbà. Wọ́n yà sórí ilẹ̀ nínú kùrukùru, wọ́n sì forí sọ òkè. Nínú àwọn 15, ẹnì kan ló yè: ẹni tó jókòó sídìí ìbọn ìrù, torí ìrù náà já kúrò lára bàálù.

Ẹ wá wo bíbà lé omi fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jí lọ sórí ọ̀sà ní ìdájí mọ bó ṣe máa ń rí tí kò bá sí afẹ́fẹ́: omi á dákẹ́ rọ́rọ́ bíi dígí, ẹ ò ní mọ ibi tí ojú ọ̀run parí sí. Ó rẹwà lójú apẹja, àmọ́ ikú ni fún awabàálù orí omi, torí kò ní mọ̀ bóyá mítà méjì ló kù tàbí ogún. Ìgbì kékeré ló wù ú jù. Gẹdú tó bá sì léfòó níwájú bàálù tó ń sáré bà lé omi, páànù fẹ́lẹ́ bíi tọwọ́ yín yẹn ló máa pàdé rẹ̀.

Ti bàálù akẹ́rù kò yàtọ̀ púpọ̀. Àwọn bàbá wa tó jagun ní Bọ́mà, bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta fún wọn nínú igbó. Ọ̀gágun Wingate, tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kan jà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ níbẹ̀, kú ní 24 oṣù kẹta 1944 nígbà tí bàálù rẹ̀ já sórí òkè ní Manipur ní Íńdíà. Láàárín Íńdíà àti Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń fo òkè Himalaya kọjá, bíi 600 bàálù ló ṣòfò. Yìnyín tó ń dì sórí apá bàálù wà lára ohun tó pa wọ́n. Nítòsí wa níbí, wọ́n ń to bàálù pọ̀ ní Takoradi nílẹ̀ Ghana láti 1940, wọ́n ń fò ó gba Èkó, Kano, Maiduguri lọ sí Cairo. Ọmọ bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan á máa tẹ̀ lé bàálù ńlá kan tó mọ̀nà. Ẹni tí ọyẹ́ bá bo ojú rẹ̀ tí kò rí aṣíwájú mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ti Ọlọ́run.

Kí ló dé tí kò sí nínú ìwé ìròyìn, tó wá di ìtàn ẹnu bàbá? Wọn kì í jẹ́ kó jáde ni. Ní 14 oṣù kẹfà 1943, bàálù Amẹ́ríkà kan tó ń kó sójà padà láti ìsinmi já ní Bakers Creek ní Australia, 40 nínú 41 kú. Àwọn ará ìlú rí èéfín, ìwé ìròyìn ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò sì mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bàálù aṣọ́kun mìíràn, kò sí ẹlẹ́rìí kankan lẹ́yìn rẹ̀. Lloyd Trigg, ọmọ New Zealand, gbé Liberator jáde láti Yundum ní Gambia ní 11 oṣù kẹjọ 1943. Èyí, wọ́n yìn ín lóòótọ́. Iná ti ń jó lára bàálù rẹ̀ tó fi kọjú sí ọkọ̀ abẹ́ omi U-468 tó sì rì í. Gbogbo àwọn mẹ́jọ tó wà nínú bàálù kú. Ẹnu àwọn ará Jámánì méje tó yè, tí wọ́n rí ọkọ̀ rọ́bà inú bàálù náà gùn, ni wọ́n ti gbọ́ ohun tó ṣe, wọ́n sì fún un ní Victoria Cross, àmì ìgboyà tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà míì, páànù kan pẹ̀lú nọ́ńbà ni gbogbo ẹlẹ́rìí tó kù. Ní Runnymede ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ọmọ ogun òfuurufú tó lé ní 20,000 ló wà lára ògiri, tí a kò mọ ibojì wọn. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi ní ẹ má tà á.

Ìdí kejì ni ẹ̀mí yín. Sunderland lè gbé bọ́ǹbù abẹ́ omi mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní kílò 110, ó rí bíi dúrọ́ọ̀mù kékeré. Ọdún tó ti pẹ́ kò sọ wọ́n di òkú. Àwọn ọmọ yín ò gbọdọ̀ mòòkùn níbẹ̀ mọ́. Ẹ fi fóònù gba àmì ibẹ̀ láti inú ọkọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ti rí ohun tó rí bíi dúrọ́ọ̀mù tàbí gáàsì, ẹ pe 767 tàbí 112, kí ọlọ́pàá tó mọ̀ nípa bọ́ǹbù wá. Tí ẹ bá rí aago inú bàálù, ẹ má ha ojú rẹ̀: ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn lára rẹ̀ nígbà náà, rádíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, májèlé ni. Ẹ̀yà míì sì wà tó jẹ́ magnesium, irin fúyẹ́ kan tó ń gbiná. Tí iná wẹ́dà bá ràn án, omi kò lè pa á, ńṣe ló máa bú sí i. Tí ẹ bá rí egungun, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sọ fún ọlọ́pàá.

Tí mágínẹ́ẹ̀tì bá ti yọ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ lọ bá NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù, ní mùsíọ́ọ̀mù Oníkan. Àwọn ni òfin gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lé lọ́wọ́. Ẹ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí èmi náà. Ẹ fi rúlà tàbí ìgò kóòkì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n mọ bó ṣe tóbi, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé, kí ẹ ya inú. Inú ni wọ́n sábà máa ń lu nọ́ńbà sí.