Gúrúpù ẹbí ń dún láàárín òru: ṣé kí n jáde ni àbí kí n pa ohùn ẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Houston ni mo wà, nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Lafiaji ni mí ní Èkó, ilé bàbá wa ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ gúrúpù WhatsApp yìí ti sú mi. Ti ẹbí bàbá mi wà, ti ẹbí ọkọ mi ní Sùúrùlérè wà, ti ilé ìwé tí mo lọ wà, ti aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ àǹtí mi wà, ìgbéyàwó yẹn ti parí tipẹ́tipẹ́ o, ìyàwó ti bímọ gan-an, wọn ò tú gúrúpù ká, wọ́n ti ń ta ìpara àti ẹja gbígbẹ nínú ẹ̀. Bàbá wa kan wà nínú ti ẹbí, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí Èkó ni wọ́n máa ń fi àdúrà ránṣẹ́, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni o, kì í sì í kúrú, aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ ló ń bọ́ sí lọ́dọ̀ tèmi, oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé mi lọ ni, àwọn yòókù á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn Àmín lọ́kọ̀ọ̀kan, tín-ín, tín-ín, tín-ín. Mi ò lè pa fóònù torí ibi iṣẹ́ lè pè mí nígbàkigbà, mọ́mì mi náà sì ti dàgbà.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé wọ́n ti fi ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, sínú gúrúpù àwọn kọ́sìn ẹ̀ láì bi mí, òun náà ti ń jí lóru láti ka mẹ́séèjì. Mo ní mo fẹ́ jáde ní ti ẹbí, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dán an wò, pé wọ́n á ní mo ti di òyìnbó. Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè jáde kí wọ́n má mọ̀? Ó tún ku ọ̀kan, gúrúpù àwọn òbí kíláàsì ọmọ mi kékeré níbí, orí iPhone ni, kì í ṣe WhatsApp, mo wá ibi tí mo máa tẹ̀ láti jáde títí, mi ò rí i. Ẹ gbà mí.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Houston

Ìdáhùn

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, ẹ kú ìfaradà. Tiwa ní London níbí sàn díẹ̀, aago wa àti ti Èkó máa ń bára mu nígbà ooru, ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà lẹ ń jẹ ìyà ẹ̀. Èkó kì í yí aago, ẹ̀yin lẹ ń yí tiyín, tó bá di November aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ni àdúrà bàbá á máa wọlé.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú èyí tẹ́ ẹ bèèrè gan-an. Òótọ́ ni, láti August 2022 ni WhatsApp ti ṣe é pé téèyàn bá jáde, kì í kéde ẹ̀ fún gbogbo gúrúpù mọ́, ádímínì nìkan ló ń rí i. Ṣùgbọ́n ẹ rọra o. Téèyàn bá ṣí ibi tí orúkọ àwọn ọmọ gúrúpù wà, ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ pé ká wo àwọn tó ti jáde láàárín 60 ọjọ́ sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún bi ara yín, ta ni ádímínì gúrúpù ẹbí yín? Nínú gúrúpù ẹbí Èkó tí mo mọ̀, ẹni márùn-ún mẹ́fà ló ń jẹ́ ádímínì, ẹni tó sì lẹ́nu jù nínú ilé kì í gbẹ́yìn nínú wọn. Kó tó di ọ̀sán, ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ mọ́mì yín.

Wọn ò sì ní sọ pé ariwo ló lé yín o. Wọ́n á ní ta ló ṣẹ̀ ẹ́, ṣé torí owó òrùlé tí wọ́n ní ká dá ni, ṣé ó fẹ́ gba yàrá bàbá ẹ̀ ni. Ilé ẹbí wà nílẹ̀, ẹ rántí. Inú gúrúpù yẹn náà ni wọ́n ti ń sọ ti bébà Land Use Charge tí ìjọba Èkó bá gbé wá, ti ayálégbé tí ò san owó, ti páànù tó ń jò. Ẹni tó bá ti jáde, wọ́n á kàn sọ fún un pé a ti pinnu ni. Torí náà ti ẹbí bàbá yín, ẹ má jáde. Ti aṣọ ẹbí, ẹ jáde lónìí kẹ́ ẹ tó jẹun alẹ́, àfi tẹ́ ẹ bá ṣì jẹ ẹni tó bá yín ra léèsì ní Balógun lówó. Ti ilé ìwé, ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe jẹ́ sí yín.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí ti ẹbí ni kẹ́ ẹ pa ohùn ẹ̀. Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ fi ìka fa gúrúpù yẹn sápá òsì, ẹ tẹ More, ẹ tẹ Mute. Tó bá jẹ́ Android, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi mú àmì, ẹ wá wo òkè, ẹ máa rí agogo kékeré tí wọ́n fa ìlà gba àárín ẹ̀ kọjá. Ó máa bi yín bóyá wákàtí 8, ọ̀sẹ̀ 1, àbí Always. Always ni kẹ́ ẹ mú. Tẹ́lẹ̀, ọdún 1 ló ń pẹ́ mọ, 2020 ni wọ́n yí i padà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ádímínì pàápàá ò lè mọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sí Archive kó kúrò lójú yín pátápátá, láti 2021 ni ohun téèyàn bá fi síbẹ̀ ti ń jókòó síbẹ̀ bí mẹ́séèjì tuntun bá tiẹ̀ wọlé, tẹ́lẹ̀ ńṣe ló máa ń sáré jáde padà.

Nǹkan kan wà tí mute ò lè dá dúró ṣá, tí ẹnì kan bá fi @ pe orúkọ yín, tàbí tó fèsì sí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ, fóònù á dún. Akápò ẹbí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, bí wọ́n ṣe ń mú àwa ará òkè òkun nìyẹn. Fún ti òru, ẹ má gbójú lé WhatsApp nìkan, ẹ lo Do Not Disturb ti fóònù fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ yan àwọn tí ìpè wọn lè wọlé, ibi iṣẹ́ àti mọ́mì. Lórí iPhone ibì kan tún wà tí wọ́n kọ Allow Repeated Calls sí, tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹni tó bá pè yín lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú 3, ìpè kejì á dún. Ẹ wá sọ fún àwọn ará ilé pé tọ́rọ̀ bá le, kí wọ́n pe nọ́ńbà yín lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ìpè fóònù gidi o, kì í ṣe ti WhatsApp.

Torí ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ká pa ohùn gúrúpù ni ìròyìn ikú. Lafiaji, Òkè Pópó, Ìsàlẹ̀ Èkó, Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá kú láàárọ̀, wọ́n lè ti sin ín kó tó di àṣálẹ́, tẹ́ ẹ bá ń dúró di ìgbà tẹ́ ẹ máa ráyè ṣí Archive, àdúà ọjọ́ kẹjọ lẹ máa bá. Ọ̀rẹ́ mi kan níbí, àbúrò bàbá ẹ̀ ló kú ní Ìdúmàgbò, gúrúpù wọn ti wà ní mute tipẹ́, ó kàn já wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò ka ohun tó wà lókè, ó ju àwòrán òdòdó síbẹ̀, "ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun ẹ̀yin ẹbí mi", láàárín àwọn tó ń kọ Inna lillahi. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ títí dòní.

Ẹ wá ẹnì kan nílé tó máa jẹ́ etí yín. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù nínú gúrúpù o, ẹni tó ń dé ilé ẹbí ni, tó ń fojú kan àwọn àgbà. Lọ́dọ̀ tèmi, ìyàwó àbúrò mi ní Èbúté Mẹ́ta ni. Àwọn ìyàwó ilé ló mọ ohun tó ń lọ, àwọn kọ́ ló ń se oúnjẹ ìpàdé ni? Mo máa ń ra dátà fún un lóṣooṣù, mi ò kà á sí oore, iṣẹ́ ló ń bá mi ṣe. Tó bá ti pè pé "Àǹtí, ẹ wọ gúrúpù o", mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ọjọ́ tẹ́ ò bá lọ síbi iṣẹ́, ẹ wọlé, ẹ kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ kí ẹni tó bímọ, ẹ kí ọlọ́jọ́ ìbí, tí wọ́n bá dá owó ẹ san tiyín kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ san. Ẹni tó ń sanwó lásìkò, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé tí ò sọ̀rọ̀ láti Tuesday.

Bàbá aládùúrà, ẹ má ní kí wọ́n dín in kù rárá. Ẹnì kan dán an wò nínú gúrúpù tiwa, ó kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ o, "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa fi í sí aago mẹ́jọ", bàbá ò fèsì, àmọ́ àwọn àǹtí fèsì, wọ́n fèsì débi pé ẹni yẹn ló wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá tiẹ̀. Ẹ kàn máa kí bàbá lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì pa auto-download, èyí tó ń jẹ́ kí àwòrán máa wọlé sórí fóònù fúnra ẹ̀, ní Settings, Storage and data, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo òdòdó "ẹ káàárọ̀" á kún fóònù yín.

Ó wá kan ọmọ yín. WhatsApp gba ọmọ ọdún 13 sókè, torí náà òfin wọn ò lé e jáde, ẹ̀yin lẹ máa sọ bó ṣe máa rí. Ẹ gba fóònù ẹ̀, Settings, Privacy, Groups, ẹ yí i kúrò lórí Everyone, láti 2019 ló ti wà. Tẹ́ ẹ bá fi sí My contacts, ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ wà lórí fóònù ọmọ nìkan ló lè gbé e sínú gúrúpù, My contacts except sì wà fún kọ́sìn tó máa ń kó gbogbo ayé jọ yẹn. Ẹni tí ò bá lè gbé e wọlé á fi líǹkì ránṣẹ́ sí i, ó ti ráyè bi yín nìyẹn kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n èmi o, mi ò ní yọ ọmọ yẹn kúrò. Àwọn ìbejì mi wà nínú irú ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Mushin, Yorùbá tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, mi ò lè kọ́ wọn ní pálọ̀ tèmi. Àwọn tọ̀hún á gba ohùn sílẹ̀ pé wọ́n ti múná, ẹ bá wa bẹ NEPA, tèmi náà á gba ohùn tiwọn pé "ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ tan jẹnẹrétọ̀", ó rí wọ́gọwọ̀gọ lẹ́nu wọn, àmọ́ Yorùbá ni. Ẹ pa ohùn ẹ̀ fún un, kí fóònù ẹ̀ máa sùn ní yàrá yín lálẹ́. Kẹ́ ẹ sì jókòó tì í, kẹ́ ẹ jọ wo nọ́ńbà tó wà nínú gúrúpù yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa sọ fún yín pé lágbájá ọmọ lágbájá nìyí, èyí tí ò bá dá mọ̀ kẹ́ ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín sí i, torí àwọn ọmọ máa ń fa ọ̀rẹ́ ilé ìwé wọlé.

Ti iPhone yẹn, Leave, ibi téèyàn ń tẹ̀ láti kúrò, lè má hàn bí ò bá jẹ́ pé iMessage, mẹ́séèjì Apple fúnra ẹ̀, ni gbogbo wọn ń lò, tí wọ́n sì tó mẹ́rin ó kéré tán. Ó ṣeé ṣe kí òbí kan máa lo Android nínú wọn, ìyẹn ló dè yín. Ẹ ṣí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ tẹ orúkọ tó wà lókè, ẹ wá Hide Alerts nísàlẹ̀, ẹ ṣí i. Àwọn yẹn ò tiẹ̀ ní bi yín.

Ó ku ti ẹbí ọkọ ní Sùúrùlérè. Ẹ pa ohùn tiwọn náà, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ jíjáde lẹ fẹ́ jáde, ọkọ yín ni kó kọ́kọ́ gbọ́, òun náà ni kó gbé e délé fún ìyá ẹ̀, èmi ò sí níbẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì, London