Kí ló dé tí oníbàárà fi ń kó ọjà jọ lórí fóònù, tí wọn kì í sanwó?

Ibi ìsanwó ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa dà sẹ́yìn. Ẹ fi fóònù ra nǹkan kan lórí ìkànnì yín fúnra yín. Ṣé dandan ni kéèyàn forúkọ sílẹ̀ kó tó sanwó? Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ṣé ìgbẹ̀yìn pátápátá ni owó tí wọ́n fi ń gbé ọjà ránṣẹ́ ń yọjú? Ẹ tètè fi hàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí owó lé sí i lójijì.

Ẹ wá wo àpótí tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà fóònù sí. Bí bọ́tìnnì lẹ́tà bá jáde dípò ti nọ́ńbà, ẹ fi type="tel" sí i nínú kóòdù HTML tó gbé àpótí náà jáde. Bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá kéré ju píksẹ́lì 16 lọ (píksẹ́lì ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe tóbi tó lójú ewé), Safari, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wo ìkànnì lórí iPhone, á ṣàdédé sọ ojú ewé di ńlá, oníbàárà á sì máa wá ibi tóun wà. Èyí máa ń dùn mí gan-an, torí àtúnṣe rẹ̀ ò le rárá.

Ní ti ìyára, Google ní kí ohun tó tóbi jù lójú ewé ti hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Àwòrán ọjà tó wúwo ló sábà máa ń fà á sẹ́yìn.