Ẹ Bi Wá: Kíkọ́ Ọmọ ní Ìwé Lábà

Láàrin lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ti àwọn ìdílé onígbàgbọ́ tó ń gbé nínú oko wọn ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí ló pọ̀ jù. Bàbá àti ìyá fúnra wọn ló ń kọ́ ọmọ ní ìwé níbẹ̀. Èyí tí a dáhùn sí nìyí.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ oko wa jù, ìrìn rẹ̀ ju wákàtí kan lọ lórí ọ̀kadà. Èmi àti bàbá wọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn ará ìjọ ń sọ pé ìjọba lè mú wa. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìsẹ́yìn)

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pá yín láyà. Òfin ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọmọ, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004, sọ ọ́ di dandan fún òbí pé kí ọmọ parí ọdún 6 ní pámárì àti ọdún 3 àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Wọn yóò kọ́kọ́ bá òbí tó bá rú òfin náà wí. Ìgbà kejì, owó ìtanràn ₦2,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 1, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ₦5,000 tàbí oṣù 2, tàbí kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀.

Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá wá bi yín. Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ìlànà iṣẹ́ ojoojúmọ́ yín àti ìwé àjákọ wọn, kí ẹ lọ rí akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pámárì tó sún mọ́ yín jù pé kó kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú ìwé rẹ̀, kí wọ́n máa wá ṣe ìdánwò ìparí táàmù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Bí ó bá gbà, kó fún yín ní lẹ́tà. Nílé, ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ kẹ́kọ̀ọ́ àti ohun tí ẹ kọ́ sínú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ má sì fi ìwé àjákọ tó ti kún dáná o. Òun ni ẹ̀rí yín.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún 6, máa ń ka Orin Dáfídì 23 geere nínú Bíbélì. Bí mo bá gbé ìwé mìíràn fún un, kò lè ka ìlà kan. Kí ló fà á? (Bàbá kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

Bàbá, ó ti há a sórí ni. A máa ń rí i gan-an nínú ilé tí wọ́n ti ń ka sáàmù kan náà níbi ìjọsìn ìdílé láràárọ̀. Ó dára kí ọmọ há ẹsẹ Bíbélì sórí, ṣùgbọ́n ìwé kíkà ọ̀tọ̀ ni. Ẹ fi páálí bo ojú ìwé náà, kí ẹ ṣí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ láàrin, kó kà á. Tàbí kó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bó bá ń wojú yín dípò kó wo ìwé, ẹ ti mọ ibi tó kù sí.

Ẹ padà sí síléètì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì 7: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Nígbà tó bá dá gbogbo wọn mọ̀ láìtẹ̀lé ara wọn, ẹ mú b, d, k, l àti t, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ fáwẹ̀lì: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Kọ́ńsónáǹtì méjì lọ́sẹ̀ tó. Ẹ fi p àti gb sí ìkẹyìn, nítorí ọmọ máa ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ b. Fáwẹ̀lì àránmúpè, bí an àti un, yóò tẹ̀lé e.

Ohùn ni ọ̀pọ̀ òbí ń fò. Ẹ máa fi dò, re, mí kọ ọ́ lórin. Ẹ kọ ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sára síléètì, kí ẹ gbé ọkọ́ gidi sílẹ̀ níwájú ọmọ, kí ẹ ní kó nawọ́ sí èyí tó jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bíbélì àtijọ́ tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé kò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tó bó ṣe yẹ, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé yóò sì máa méfò. Ẹ da ẹsẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ kọ sórí ìwé, kí ẹ fi àmì sí gbogbo rẹ̀, kó máa ka ìyẹn.

Àwọn kan yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kó ṣáájú. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pámárì kan fún ọdún 6 gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3 lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́.

Ọmọ ọdún 5, 8 àti 11 ni mo ní. Bí mo bá ń kọ́ ọ̀kan, àwọn yòókù á máa ṣeré. (Ìyá kan, Ṣakí)

Ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìtàn àti sáyẹ́ǹsì, ẹ kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀. Ẹ kàn bi kálukú ní ìbéèrè tó tó agbára rẹ̀. Ìṣirò àti ìwé kíkà kò ṣeé kó pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú àbúrò, ní aago mẹ́jọ tí ara rẹ̀ ṣì balẹ̀, fún ìṣẹ́jú 15 péré. Kí ẹ̀gbọ́n àgbà máa ṣe ìṣirò tí ẹ ti kọ sílẹ̀ fún un lálẹ́ àná, kí ti àárín máa da ìwé kọ. Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà. Ohun tó ń da ilé rú ni pé ìyá kò ṣètò iṣẹ́ àwọn yòókù kó tó jókòó ti ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n lè ran àbúrò lọ́wọ́ ní ìwé kíkà, àmọ́ kó má kọjá ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́, torí òun náà ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ṣé iṣẹ́ oko kì í ṣe ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀? (Bàbá àgbẹ̀ kan)

Bí ọmọ bá wọ̀n, tó kà, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀kọ́ ni. Bí kò bá kọ nǹkan kan, iṣẹ́ oko ló ṣe.

Ẹ mú ilẹ̀ kékeré kan, mítà 15 ní ìbú, mítà 20 ní gígùn. Ìwọ̀n tí à ń gbin àgbàdo ni 75 sẹ̀ǹtímítà láàrin ebè sí ebè, 25 láàrin ihò sí ihò, irúgbìn kan fún ihò kan. Ọmọ ọdún 8 yóò fi okùn wọ̀n ọ́n, yóò rí i pé ebè 20 ló gbà. Ọmọ ọdún 11 yóò ṣe ti ihò, 80 lórí ebè kan, yóò sì sọ fún yín pé irúgbìn 1,600 lẹ nílò. Kí ẹ tó gbìn, ẹ ní kí wọ́n ka irúgbìn 100 sínú aṣọ tútù, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7. Bí 85 bá hù, 1,600 kò ní tó mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra wọn: yóò sún mọ́ 1,900.

Wíwọn òjò náà dára púpọ̀. Ẹ gé orí ìgò ike tí ara rẹ̀ gún, kí ẹ dojú orí náà kọ inú rẹ̀ bí àrọ. Ìsàlẹ̀ ìgò kò tẹ́jú, nítorí náà ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ bu omi dé ibi tí ara ìgò ti gún, kí ẹ fàlà síbẹ̀: òdo nìyẹn. Ẹ gbé e síta gbangba, jìnnà sí igi àti òrùlé. Kí ọmọ kan máa fi rúlà kà á ní aago kan náà láràárọ̀, kó kọ iye mìlímítà sílẹ̀, kó sì dá omi padà sí òdo. Oòrùn máa ń fa omi náà, ẹni tó bá sún kíkà rẹ̀ di ọ̀sán yóò rí iye tó dín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan gbé páǹpù apakòkòrò kọ́rùn tàbí kó po oògùn náà. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ rárá.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, ìwé máa ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. (Ìdílé kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

Iṣẹ́ oko ló ń ba ìwé àwọn ọmọ abà jẹ́ ju àìrí ìwé rà lọ. Oko kì í tán, wákàtí ìwé ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Ẹ ṣètò ọ̀sẹ̀ 36 fún ọdún, kí ẹ sì gbé ìsinmi sí ìgbà gbígbìn àti ìgbà ìkórè dípò kí ẹ tẹ̀lé ti ilé-ẹ̀kọ́ ìlú. Láti oṣù kọkànlá di oṣù kẹta, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni kí táàmù tó gùn jù bọ́ sí. Nínú ìsinmi pàápàá, ẹ fi ìṣẹ́jú 45 sílẹ̀ lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ fún ìwé kíkà àti ìṣirò, kí ẹnikẹ́ni tó mú ọkọ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé kà máa ń gbàgbé bó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pa á tì.

Àwọn ọmọ wa kò ní ẹlẹgbẹ́ lóko. (Ìyá kan)

Ẹ má fi ọjọ́ Ìsinmi nìkan mọ. Bí ìjọ yín bá jẹ́ ti Onítẹ̀bọmi, ẹ fi ọmọkùnrin sí R.A., ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin ìjọ, kí ọmọbìnrin lọ sí G.A., ẹgbẹ́ tiwọn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lọ sí ibùdó wọn.

Báwo ni àwọn ọmọ tí à ń kọ́ nílé yóò ṣe ṣe WAEC? (Bàbá ọlọ́mọ ọdún 14)

Ìdánwò WAEC ti àwọn tí kò sí nílé-ẹ̀kọ́ wà, NECO náà ní tirẹ̀. Yunifásítì yóò béèrè kírẹ́díìtì 5, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́. Ọdún 16 ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ pé kó tó wọlé, àyàfi ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ bá yọrí gidi. Nítorí náà, ẹ má kánjú. Nínú físíìsì àti kẹ́mísìrì, orí ìwé ni wọ́n ti ń bi irú àwọn ọmọ yìí ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ inú yàrá àyẹ̀wò. Ọmọ tí kò rí bùrẹ́ẹ̀tì rí, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn nǹkan olómi níbẹ̀, kò lè dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ẹ bá ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ṣàdéhùn láti ìsinsìnyí, kó máa lo yàrá náà ní ìgbà ìsinmi, lójú tíṣà.